Eegun Ìyá Wa Kúrò Lórí Òkè

Shekou

Ẹ̀gbọ́n mi Kam-Shing,

Ẹ kú àjò o. Ẹ bá mi kí ìyàwó yín àti àwọn ọmọ ní Lima. Àwa náà wà. Wọ́n ti da yanrìn dí etíkun wa láti fi ṣe èbúté, nítorí náà aṣọ àwọn òyìnbó tó ń wa epo nínú òkun ni mò ń fọ̀ jẹun.

Ẹ jókòó kí ẹ tó ka èyí tó kù. Orí òkè tí a sin Ìyá sí ni wọ́n fẹ́ kọ́ ilé àwọn òyìnbó náà sí. Nígbà tí katapílà dé, Bàbá lọ dùbúlẹ̀ lórí sàréè.

Awakọ̀ ní, "Baba, ẹ dìde, ẹ má kó mi sí wàhálà."

"Tẹ̀ mí mọ́lẹ̀ kí o máa lọ!"

Awakọ̀ náà kò pa ẹ́ńjìnnì. Mo mú ọkọ́, mo ní èmi ni màá hú eegun Ìyá, ká lè tún un sin síbòmíràn.

"Iṣẹ́ àkọ́bí ọkùnrin ni! Ṣé orí ẹ dàrú ni?"

"Àkọ́bí yín wà ní Lima, Bàbá. Katapílà ló wà níbí."

Bàbá dìde, wọ́n ṣí agboòrùn, wọ́n sì fi ṣíji bo Ìyá bí mo ṣe ń ṣa eegun rẹ̀ sínú ìkòkò.

Ẹ má bínú pé mo gba iṣẹ́ yín ṣe. Ìkòkò náà wà ní yàrá Bàbá. Òun ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀, wọn ò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́, wọn ò sì jẹun dáadáa. Wọ́n ní ẹ̀yin nìkan ló lè sin ín.

Ọ̀run á ṣọ́ yín lójú omi. Ẹ tètè wá, ẹ̀gbọ́n mi, kó má lọ jẹ́ pé ìkòkò méjì lẹ máa bá.

Àbúrò yín,
Mui-Heung