Màmá Ó-Gbóná, Ààrò Rẹ Ti Gun Òkè

Ọdún mẹ́fà rèé tí o lọ, aya mi, Màmá Ó-Gbóná! Ọdún mẹ́fà rèé tí a kò gbọ́ ohùn rẹ láàárọ̀ mọ́, tí o máa ń ké "Ó gbóná! Ó gbóná!" bí o bá ti ń fa búrẹ́dì jáde nínú ààrò. Àwọn kan wà ládùúgbò yìí tí wọn kò mọ orúkọ tí bàbá rẹ sọ ọ́ títí o fi kú. Èmi tí mo fẹ́ ọ gan-an, díẹ̀ ló kù kí n gbàgbé rẹ̀.

Gbogbo wa la kí ọ. Èmi tí mò ń tún aago ṣe kí ọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú mi kò fi bẹ́ẹ̀ rí inú aago mọ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ télọ̀ náà kí ọ. Ẹnu rẹ̀ ṣì mú bí abẹ́rẹ́ rẹ̀. Kékeré, àbíkẹ́yìn rẹ, kì í ṣe kékeré mọ́. Òun ni ọ̀gá níbi iṣẹ́ rẹ báyìí, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni mo sì fẹ́ bá ọ sọ lọ́dún yìí, nítorí ohun kan wà tí a ti ń fi pamọ́ fún ọ.

A ti wó ààrò rẹ.

Fara balẹ̀ ná, má tíì fa ojú ro. Ọmọ rẹ ló wó o, láti ọjọ́ náà ni kò sì ti wá síbi ibojì rẹ mọ́. Bí a bá ti ń múra àtiwá báyìí, orí á bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ ọ, tàbí kó rántí iṣẹ́ kan tí kò ṣeé fi sílẹ̀. Ó rò pé o ń bínú sí òun.

Aya mi, ayé tí o fi sílẹ̀ kọ́ la wà mọ́. Òjò tí à ń retí á pẹ́ títí a ó fi rò pé kò wá mọ́, bó bá sì wá dé, á máa rọ̀ bí ẹni pé ó ń bá wa jà. Ooru ńkọ́? Háà, ooru! Fúláwà tó máa ń rọra wú nígbà tìrẹ, tí wàá ti jẹun tán kó tó ga, ó wá ń wú jáde nínú ọpọ́n kí ẹni tó pò ó tó nu ọwọ́ tán. Búrẹ́dì ń kan mọ́ wa lọ́wọ́. Ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ dákú níwájú ààrò lọ́sàn-án gangan. Àwọn ọmọléèwé ní àyípadà ojú ọjọ́ ni wọ́n ń pè é. Àwa kò kọ́kọ́ fún un lórúkọ, a ṣáà ń làágùn.

Ṣùgbọ́n Kékeré kò káwọ́ gbera o! Ó yí àkókò iṣẹ́ padà, wọ́n ń po fúláwà kí oòrùn tó yọ. Omi yìnyín ló fi ń pò ó. Ó ní kí káfíńtà ṣí òrùlé níbi tó ga jù, kí ooru lè máa ráyè gba ibẹ̀ jáde. Ẹ̀gbọ́n rẹ bú sẹ́rìn-ín, ó ní òun kò rí ẹni tó ń fi owó ara rẹ̀ lu òrùlé jo rí. Ó wá débẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó jókòó sábẹ́ ihò náà, ó kọ̀ kò dìde mọ́ títí ilẹ̀ fi ṣú.

Ti omi ló wá le. Ìwọ náà mọ ibi tí o mọ ààrò rẹ sí: ìsàlẹ̀ àgbàlá, lẹ́bàá títì, kí òórùn búrẹ́dì lè máa dá àwọn tó ń kọjá dúró. O gbọ́n nígbà yẹn, nítorí odò àdúgbò wa kì í kúrò láyè rẹ̀ nígbà yẹn. Lẹ́yìn tí o lọ, omi bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Ó wọlé, a gbọ́n ọn. Ó tún wọlé, a tún gbọ́n ọn. Káfíńtà ní kí á kúkú gbé iṣẹ́ lọ sí òkè lẹ́yìn ilé, díẹ̀ ló kù kí á lé e jáde. Kékeré ló le jù nínú wa. Bí bíríkì kan bá yẹ̀ lára ààrò, ojú ibi tí o fi í sí gan-an ló máa ń dá a padà sí. Kò fẹ́ kí ohunkóhun tí o fọwọ́ ara rẹ ṣe yí padà.

O sì ti kọ́ ọ pé fúláwà tó bá ti wú, dandan ni kí a yan án, ohun yòówù kó ṣẹlẹ̀. Ẹ̀kọ́ yẹn ló kó bá wa. Òjò bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kan, fúláwà ti wú, iná ti ń jó. Omi kún títì, ó wọ ẹnu ọ̀nà, ó mu wá dé kókósẹ̀. Gbogbo wa ń pariwo pé, "Kékeré, pa iná yẹn!" Ó ní, "Ó ku díẹ̀. Màmá ò ní fi í sílẹ̀ báyìí." Bí omi tútù ṣe kan bíríkì tó ti gbóná janjan nìyẹn. Gbà! Ààrò là láti orí dé ìdí. Ọmọ rẹ dúró sínú omi, ó di pátákó tí a fi ń kì búrẹ́dì bọ iná mú.

Ilé iṣẹ́ rẹ wà ní títì pa fún ìgbà pípẹ́. Àwọn ará àdúgbò ń kó lọ lọ́kọ̀ọ̀kan, a sì rò pé Kékeré náà yóò kó lọ. Àfi bó ṣe jí láàárọ̀ ọjọ́ kan tó ránṣẹ́ pe bíríkìlà pé kó mú òòlù wá. Bíríkìlà dé, ó wo ààrò, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, mi ò lè lu ààrò Màmá. Búrẹ́dì ibẹ̀ ni mo jẹ dàgbà." Kékeré gba òòlù lọ́wọ́ rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ lù ú! Èmi sá wọ yàrá lọ, mi ò lè wò ó. Ẹ̀gbọ́n rẹ ní wọ́n ti sin àbúrò òun lẹ́ẹ̀kejì, ó sì bínú débi pé kò kí ọmọ náà mọ́.

Kékeré ṣa àwọn bíríkì tí kò là, ó fọ̀ wọ́n, ó fi wọ́n mọ ẹnu ààrò tuntun sí òkè lẹ́yìn ilé, lórí ìpìlẹ̀ tó ga dé ìbàdí àgbàlagbà. Búrẹ́dì tó kọ́kọ́ jáde níbẹ̀ jóná. Èkejì dára. Ìkẹta, aya mi, bí mo ṣe bù ú sẹ́nu báyìí, tìrẹ ni!

Omíyalé wá dé lásìkò òjò tó kọjá yìí, a kò rí irú rẹ̀ rí. Ó gba ṣọ́ọ̀bù, ó gba yàrá, ó gbé àga lọ. Ibo ló gbẹ? Ọ̀dọ̀ ọmọ rẹ nìkan! Gbogbo òpópónà ló gun òkè wá bá a, àwọn abiyamọ, mẹkáníìkì, bàbá arúgbó tí wọ́n pọ̀n wá. Ta ló ṣáájú wọn? Ẹ̀gbọ́n rẹ, tòun ti ẹ̀rọ ìránṣọ lórí, kò kí ẹnikẹ́ni, ó wá ẹ̀gbẹ́ ààrò tó móoru jókòó sí. Kékeré ń dáná, ó ń yan búrẹ́dì, ó ń pín in, omi sì ń kọjá lọ nísàlẹ̀. Ebi kò pa ọmọ ẹnìkan. Ẹ̀gbọ́n rẹ jẹ tirẹ̀ tán, ó nu ẹnu, ó ní, "Kékeré, o ò burú." Ìwọ náà mọ ẹ̀gbọ́n rẹ, o mọ̀ pé ó ti bẹ̀bẹ̀ nìyẹn. Orí mi wú, aya mi! Orí mi wú lọ́jọ́ náà!

Síbẹ̀, nígbà tí a ń múra àtiwá kí ọ láàárọ̀ yìí, orí tún ń fọ́ Kékeré. Mo bi í pé kí ló dé gan-an. Ó ní, "Dádì, kí ni mo fẹ́ wí fún wọn? Pé mo fi òòlù fọ́ iṣẹ́ ọwọ́ wọn?" Ẹ̀rín pa mí. Mo sọ ohun tí n kò sọ fún un rí. Mo ní nígbà tí ìyá rẹ̀ ń wá ibi tí yóò mọ ààrò sí, ó dúró títí mo fi jáde nílé, ó wó ògiri ṣọ́ọ̀bù aago mi, kò bi mí. Mo dé, mo bá aago mi nínú agbọ̀n, mo bá ìyàwó mi nínú ẹrẹ̀, ó ní kí n gbé bíríkì fún òun. Mo ní, "Ìyẹn ni yóò bínú sí ọ?"

Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó wọ bàtà.

Òun ló dúró tì mí yìí. Ó ti kúnlẹ̀, ó ti sọ ọ́ fún ọ fúnra rẹ̀: "Màmá, èmi ni mo wó o." Kò bẹ̀bẹ̀, n kò sì ní kó bẹ̀bẹ̀.

Àárò rẹ ń sọ wá, Màmá Ó-Gbóná. Ìfẹ́ rẹ kò dín lọ́kàn wa, ibi tí o jókòó sí nínú ilé kò sì tíì kún. Ṣùgbọ́n má ṣe bẹ̀rù fún wa mọ́. Ọmọ tí o bí mọ nǹkan án wó, ó sì mọ̀ ọ́n mọ.