Ìyá Tí Ó Ń Dìde fún Ọmọ Rẹ̀

Olóòtú ètò orí rédíò wa ọ̀wọ́n, àlàáfíà Olúwa kí ó wà pẹ̀lú yín.

Àjọ aláàánú tí ó ń ran ilé-ẹ̀kọ́ àdúgbò wa lọ́wọ́ dá kíláàsì ìwé kíkà sílẹ̀ fún àwọn àgbà. Ìyàwó mi forúkọ sílẹ̀ tayọ̀tayọ̀. Àbíkẹ́yìn wa sì ni olùkọ́ wọn. Bí ó bá ti wọlé, ìyá rẹ̀ a dìde kí i.

“Màmá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó! Ẹ fẹ́ kí ayé bú mi ni?”

“Tíṣà, ilé ni ẹ ti jẹ́ ọmọ mi.”

Ọmọ ní òun yóò fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, kò sì sí olùkọ́ mìíràn. Ẹ̀yin olùgbọ́, kí ìyá dìde ni, àbí kí ó jókòó? Láàárọ̀ àná, ìyàwó mi ka Sáàmù fún mi fún ìgbà àkọ́kọ́; kí n tó mọ̀, èmi náà ti dìde.

Èmi ni tiyín nínú Olúwa,
Ọkọ akẹ́kọ̀ọ́, bàbá olùkọ́.