Òkúta Funfun Oríta Òkè Igún

Ọjọ́ Ajé, 7 oṣù Kẹrin

Wọ́n ti yàn mí. Kò sẹ́ni tó bá mi du ipò náà, ṣùgbọ́n yíyàn ni yíyàn ń jẹ́. Èmi ni màá la ọ̀nà fún ìrìn ìgbà ìrúwé ẹgbẹ́ oníkẹ̀kẹ́ wa lọ́dún yìí. Láti Menzel Abderrahmane níbí, létí adágún Bizerte, títí dé Cap Serrat níbi tí odò Ziatine ti ń wọ òkun. Kílómítà méjìdínlọ́gọ́rin. Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n.

Lamjed alága wa, òṣìṣẹ́ rélùwéè tó ti fẹ̀yìn tì — Kílómítà ni mo ń pè é nínú ìwé yìí, kò sì gbọdọ̀ gbọ́ — ní kí n má fi páálí ṣe àmì ọ̀nà mọ́. Lọ́dún tó kọjá, ewúrẹ́ jẹ ọfà mọ́kànlá. Ìdajì wa wá òkun lọ sínú oko àlìkámà.

Nídìí oúnjẹ alẹ́ mo sọ pé Bàbá ń bá wa lọ. Ìyá gbé ṣíbí kalẹ̀. Ọ̀rọ̀ ti burú nìyẹn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8 oṣù Kẹrin

Dókítà gbà. Ó ní kí Bàbá máa wa kẹ̀kẹ́ jẹ́jẹ́, lórí ilẹ̀ títẹ́jú. Bí òkè bá dé, kó sọ̀ kalẹ̀, kó máa tì í. Bàbá ń mi orí bí ọmọ ilé ìwé. Ìyá bi dókítà bóyá òun náà ní òbí.

Ọdún kan àti oṣù méjì rèé tí wọ́n ti fi nǹkan kékeré la iṣan ọkàn rẹ̀. Láti ìgbà náà, ẹyin ni Bàbá nínú ilé yìí. A kì í jẹ́ kó gbé agolo òróró. A kì í jẹ́ kó gun àtẹ̀gùn lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́. Bàbá Mokdad, tó kọ́ ìdajì ọmọ adágún yìí ní kẹ̀kẹ́! Èmi náà wà lára àwọn tó ń gba agolo lọ́wọ́ rẹ̀, mi ò ní parọ́.

Ohun kan wà tí kò ṣe rí: kò wa kẹ̀kẹ́ dé Cap Serrat rí. Ó gbìyànjú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, nínú ìdíje, lọ́mọ ọdún méjìlélógún. Òkè Igún dá a dúró. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó wọ ọkọ̀ akẹ́rù tó ń kó èèpo igi, ó sì padà sílé. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló sọ ọ́ fún mi, níbi ìgbéyàwó kan. Mo fẹ́ kó dé òkun náà. Ìdí tí mo fi gba iṣẹ́ yìí nìyẹn, kì í ṣe torí ẹgbẹ́.

Ọjọ́rú, 9 oṣù Kẹrin

Ìsinmi. Mo jáde láago mẹ́fà lọ wo ọ̀nà. Omi adágún Ichkeul ti fà sẹ́yìn gan-an. Ẹfọ̀n dúró sínú ẹrẹ̀, àwọn àgbẹ̀ ń wo ojú ọ̀run. Ọjọ́ mélòó ni òjò kò ti rọ̀? Wọ́n ń ka ọjọ́ náà fún mi kí n tó bèèrè.

Ọ̀nà Sejnane: ẹyẹ àkọ̀ lórí gbogbo òpó iná. Mo bi darandaran kan bí oríta ṣe jìnnà tó. "Kò jìnnà. Wàá mu sìgá kan tán, o ti dé." Mo fi wákàtí kan wa sìgá náà. Ta ló ń mu irú sìgá bẹ́ẹ̀?

Oríta rèé. Ọ̀tún: Òkè Igún, ó le koko títí dé orí, kó tó wá já sí òkun. Òsì: ọ̀nà etí odò Ziatine, ó tẹ́jú bí àtẹ́lẹwọ́, igi tútù lọ́tùn-ún lósì. Méjèèjì dé Cap Serrat. Òsì la máa gbà. Kò yẹ kéèyàn rò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Ọjọ́bọ̀, 10 oṣù Kẹrin

Pọ́ńpù kẹ̀kẹ́ Bàbá ti sọnù. Ìyá ní òun kò rí i. Kò gbójú sókè nígbà tó ń sọ ọ́.

Ọjọ́ Jímọ̀, 11 oṣù Kẹrin

Inú ìkòkò kúskúsì ni pọ́ńpù náà wà.

Ọjọ́ Àìkú, 13 oṣù Kẹrin

Mo tẹ́ àwòrán ọ̀nà sílẹ̀ níwájú Bàbá. Ó fi ìka tọ etí adágún, ó tọ Ichkeul, ó tọ odò Sejnane, ó dé oríta. Ìka náà dúró.

"A ò ní gba Òkè Igún?"

"Rárá, Bàbá. Ọ̀nà odò ló dára jù."

"Ọ̀nà odò dára," ló wí. Ó bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó nù ún, ó sì lọ bá kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lẹ́yìnkùlé. Inú mi dùn pé kò bá mi jà.

Ọjọ́bọ̀, 17 oṣù Kẹrin

Èmi àti Bàbá, ogún kílómítà létí adágún. Àwọn apẹja ń na àwọ̀n sóòrùn. Ọ̀kan pariwo: "Bàbá Mokdad! A rò pé ẹ ti kú."

"Mo kú o," ni Bàbá wí láìdúró. "Òórùn ẹja yín ló jí mi."

Ẹ̀rín pa wọ́n. Ó pa èmi náà, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì ń yí bí ẹsẹ̀ ọ̀dọ́. Nígbà tá a délé, Ìyá gbé etí lé àyà Bàbá, ó ń gbọ́ ọkàn bí ẹni ń gbọ́ bóyá àgbọn lómi. Ó ní: "Ó ń lù." Bàbá ní: "Kí ni ì bá máa ṣe?"

Ọjọ́ Àìkú, 20 oṣù Kẹrin

Ewúrẹ́ kì í jẹ òkúta. Ọgbọ́n mi rèé, Kílómítà náà yìn ín. Èmi àti Hounaida — apòògùn, ẹni tí táyà rẹ̀ máa ń jò níbi tí kò sí ẹ̀gún — fi mọ́tò gbé garawa ẹfun, a kun òkúta mẹ́sàn-án. Òfin kan péré: ọwọ́ tí òkúta funfun bá wà ni kó o yà sí. Kò sí ọfà, kò sí ìwé.

Èyí tó tóbi jù la yí sí oríta Òkè Igún, lọ́wọ́ òsì. A kùn ún lẹ́ẹ̀mejì. Ẹfun wà nínú irun mi, nínú etí mi, nínú búrẹ́dì tí mo jẹ. Obìnrin arúgbó kan ń da màlúù mẹ́ta bọ̀ lókèèrè. A juwọ́ sí i. Ó dúró, ó ń wò wá títí a fi lọ.

Ọjọ́ Ajé, 21 oṣù Kẹrin

Òjò! Láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́. Mo kọ́ àwọn ọmọ ní jọ́gíráfì, kò sẹ́ni tó gbọ́. Gbogbo wa ń wo fèrèsé.

Ọjọ́ Jímọ̀, 25 oṣù Kẹrin

Ìyá ti rán àpò kékeré mọ́ inú aṣọ kẹ̀kẹ́ Bàbá, fún oògùn rẹ̀. Òwú pupa ló fi rán an kó má bàa sọ pé òun ò rí i. Kò tíì sọ pé òun gbà. Àpò náà ló sọ ọ́.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 26 oṣù Kẹrin

Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Bàbá ti wọ ṣòkòtò ọ̀la.

Ọjọ́ Àìkú, 27 oṣù Kẹrin

Màá kọ ọ́ bó ṣe ń jáde.

Àwa mẹ́rìnlá. A ní kí Bàbá ṣáájú, kó máa wa bí agbára rẹ̀ ṣe mọ, ká máa tẹ̀ lé e. Èmi ló ń kẹ́yìn. Kílómítà ti fi mọ́tò gbé oúnjẹ ṣáájú lọ sétí òkun. Ichkeul ti kún, omi dé ìdí koríko, atẹ́gùn wà lẹ́yìn wa. Mo kọrin. Mi ò mọ orin kọ, mo kọ ọ́.

Kó tó di oríta, táyà Hounaida jò. Dájúdájú. A dúró, àwọn tó kù lọ. Nígbà tá a fi dé oríta, mo wo ọwọ́ òsì: òkúta kò sí. Ilẹ̀ pupa lásán, àti ojú ibi tí wọ́n ti yí nǹkan wúwo kọjá. Mo tẹ̀ lé ojú ibẹ̀. Ó sọdá títì. Lọ́wọ́ ọ̀tún, lábẹ́ igi ólífì kan, lẹ́bàá ọ̀nà Òkè Igún gan-an, òkúta mi jókòó. Wọ́n ti fi lààlì pa á lórí. Aṣọ àwọ̀ ewé wà lọ́rùn rẹ̀. Àbẹ́là márùn-ún ń jó níwájú rẹ̀. Obìnrin tó ń da màlúù lọ́jọ́sí sì jókòó tì í, ó ń já ewébẹ̀.

Orúkọ rẹ̀ ni Ìyá Mbarka. Mo ní: "Ìyá, ta ló gbé òkúta yìí síbí?"

"Àwa ni. Bàbá Funfun kò lè máa gbé ojú títì kí màlúù máa tẹ̀ ẹ́. Ó dé lọ́jọ́ Àìkú, òjò dé lọ́jọ́ Ajé. Ṣé ẹ ò gbọ́?"

Hounaida fi ọwọ́ bo ẹnu. Èmi ò lè rẹ́rìn-ín. Ní àwọn òkè wọ̀nyí, òkúta tí a bá kùn lẹ́fun kì í ṣe òkúta mọ́, ibùjókòó ẹni Ọlọ́run ni. Ìyá tó bí ìyá mi tan àbẹ́là sí irú rẹ̀ títí ó fi kú. Èmi ọmọ ibí, èmi olùkọ́, mo kun mẹ́sàn-án.

"Ìyá, àwọn oníkẹ̀kẹ́ ńkọ́?"

Ó fi àgbọ̀n tọ́ka sókè. "Wọ́n ti gòkè tipẹ́. Baba tó ṣáájú wọn dúró, ó wo Bàbá Funfun pẹ́, ó gbọ́wọ́ sí i, ó ní 'o ṣeun.' Ọmọlúàbí ni."

Fóònù kò mú níbẹ̀. Mo fi Hounaida sílẹ̀, mo gun òkè náà. Ẹ̀rù bà mí bí kò ṣe bà mí rí láyé. Ní gbogbo kọ̀rọ̀ ni mo ń retí láti rí kẹ̀kẹ́ nílẹ̀. Mo ń bẹ Ọlọ́run, mo ń bú ara mi, mo ń bẹ òkúta pàápàá.

Orí òkè. Wọ́n wà níbẹ̀, gbogbo wọn, lórí koríko. Bàbá jókòó láàárín wọn, ojú rẹ̀ pupa, ó ń jẹ ọsàn. Òkun wà nísàlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, odò sì ń wọ inú rẹ̀ bí okùn fàdákà.

"Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo sọ̀ kalẹ̀," ló wí kí n tó lanu. "Mo tì í. Mo lo oògùn mi lásìkò. Lọ́mọ ọdún méjìlélógún, mo rò pé ẹni tó bá sọ̀ kalẹ̀, ó ti tán nìyẹn. Àṣé èèyàn kàn lè tì í."

Mo jókòó. Ó fa orí mi mọ́ra bí ìgbà tí mo wà lọ́mọdé, ó sì rẹ ohùn sílẹ̀ kí àwọn tó kù má gbọ́.

"Mo mọ̀ pé òsì ló wà lórí àwòrán. Inú mi bàjẹ́ lọ́jọ́ náà, Ibtihel. Mo ní ìwọ náà ti gbà pé mo ti parí. Mo wá dé oríta, mo rí òkúta rẹ lọ́tùn-ún. Nínú gbogbo ilé yẹn, ìwọ nìkan lo fi òkè sílẹ̀ fún mi."

Mo gba ọsàn tó kù lọ́wọ́ rẹ̀, mo jẹ ẹ́ tán.

Ó dé òkun. Ó wọ inú omi tòun ti bàtà.

Ọjọ́ Ajé, 28 oṣù Kẹrin

Ìdí mi ń ro mí. Bàbá gun àtẹ̀gùn lẹ́ẹ̀mẹta. Ìyá ń kà á, kò dá a dúró.

Ọjọ́rú, 30 oṣù Kẹrin

Kílómítà wá sílé wa pẹ̀lú ìwé rẹ̀. Ó ti ṣírò o: ìrìn wa fi kílómítà mẹ́fà lé. Ó sì rí i pé ibi òkè ni a ti yọ sí òun, kì í ṣe etí odò. Ó la ìwé sórí tábìlì níwájú Bàbá.

Bàbá ní: "Lamjed, o rí iṣẹ́ ọmọ mi? Ó fi òkè náà pamọ́ dè mí."

Kílómítà wo ìwé rẹ̀. Ó wo Bàbá. Ó wò mí pẹ́. Ọkùnrin tó lè bá èèyàn jà nítorí ọgọ́rùn-ún mítà pa ìwé náà dé.

"Kílómítà pé," ló wí. "Bí a ṣe ṣètò rẹ̀ gẹ́lẹ́ ni."

Mo bu èso igi páìnì, tí a fi ń dá àlejò lọ́lá, sínú tíì rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Bóyá kí n má pè é ní Kílómítà mọ́. Bóyá.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 3 oṣù Karùn-ún

Mo gun kẹ̀kẹ́ padà lọ sí oríta, èmi nìkan. Mo ti pinnu láti jẹ́wọ́ fún àwọn obìnrin náà: èmi ni mo kùn ún, àmì ọ̀nà lásán ni, ẹ jọ̀ọ́ ẹ dárí jì mí.

Àbẹ́là ti di mọ́kànlá. Ẹnì kan ti gbé amọ̀ kékeré tó dà bí màlúù síwájú rẹ̀. Ìyá Mbarka rí mi, ó sún fún mi lórí ẹní.

"Ẹ ti padà. Kí ló ṣe fún yín?"

Mo lanu láti jẹ́wọ́. Ohun tó jáde ni: "Ó gbé bàbá mi gun òkè."

Ó mi orí, kò yà á lẹ́nu rárá. "Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn."

Mo ra àbẹ́là kan lọ́wọ́ rẹ̀. Mo tàn án.