Ìlù Tuntun Tí Kò Gbọ́ Yorùbá

                                        Ojúlé Kẹrìnlá,
                                        Ikpoba Hill,
                                        Benin City,
                                        Ìpínlẹ̀ Ẹdó.
                                        25 Oṣù Ọ̀wàrà, 2025.

Gbéminíyì, ọ̀rẹ́ mi tó ju iyèkan lọ,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ṣé ara le? Akíntúndé ọkọ rẹ ńkọ́, ẹni tí kì í dá èèyàn lóhùn tó bá ń jẹun lọ́wọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ṣé òtútù Adó-Èkìtì ò tíì sọ yín di ẹni tó ń wọ súwẹ́tà lọ ra ata? Orúnkún rẹ tó ń dùn ọ́ nígbà tí ẹ ń kó lọ ńkọ́? Mò ń bi ọ́ ní gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo nítorí pé mi ò lè jókòó pẹ́. Mo kọ ìlà méjì, mo dìde lọ wo ojú fèrèsé, mo tún padà. Bí o bá rí i pé ìkọ̀wé mi ń wọ́ sọ́tùn-ún sósì, má bínú, orí ìdúró ni mo ti kọ apá kan nínú rẹ̀.

Mo mọ̀ pé wàá ní kí ló dé tí mi ò pè ọ́ lórí fóònù. Mo fẹ́ pè ọ́ o. Ṣùgbọ́n bí èmi pẹ̀lú rẹ bá ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀rín, kò sí èyí tó máa gbọ́ nǹkan kan títí owó orí fóònù á fi tán. Ọ̀rọ̀ yìí gba kí n tò ó. Ọ̀rọ̀ ìlù ni.

O mọ ìlù mi. Ìlù òyìnbó kékeré aláwọ̀ búlúù tí a rà fún Ìyìnolúwa nígbà tó pé ọmọ ọdún mọ́kànlá, tó lù fún ọ̀sẹ̀ méjì, tó ní, "Mummy, e don tire me," tí èmi ìyá rẹ̀ wá jókòó sídìí rẹ̀ láti wò ó bóyá ó le lóòótọ́, tí mi ò sì dìde mọ́ láti ọjọ́ náà. Ọdún mẹ́ta nìyẹn. Ìwọ lo máa ń jókòó tì mí nínú ẹgbẹ́ akọrin, ìwọ lo máa ń fi ẹsẹ̀ dí béèsì, ìlù ńlá tí mò ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀, kó má baà máa rìn lọ bá pásítọ̀ lórí pẹpẹ. Láti ìgbà tí o ti lọ, òkúta ni mo ń fi dí i. Òkúta ò ṣe é bá ṣàwàdà.

Ìlù náà ti ṣe tirẹ̀. Ti akẹ́kọ̀ọ́ ni, wọn ò ṣe é fún irú ìyà tí mo fi ń jẹ ẹ́. Ọ̀pá tó gbé kímbálì, àwo irin tí a ń gbá, ró ti tẹ̀, kímbálì fúnra rẹ̀ ń dún bí ìdérí ìkòkò, awọ ọ̀kan nínú ìlù márààrún ti ya, téèpù ni mo fi lẹ̀ ẹ́. Mò ń dá ọgbọ́n sí i bẹ́ẹ̀ ni, àfi bí Arákùnrin Olúwaṣẹ́gun, olórí akọrin wa, ṣe pè mí sí kọ̀rọ̀ lẹ́yìn ìsìn lóṣù tó kọjá. Ó ní Bíṣọ́ọ̀bù ń bọ̀ níbi Ìkórè tọdún yìí, lọ́jọ́ kejì oṣù Bélú. Ó ní bí mi ò bá rí ìlù gidi gbé kalẹ̀ kó tó di ọjọ́ náà, àwọn á háyà ìlù àti onílù láti ìta. Ó fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ ọ́, bí ẹni ń fún aláìsàn lómi mu.

Háyà kẹ̀! Gbéminíyì, o mọ̀ mí. Èmi obìnrin ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta tó ń to fáìlì ní iléeṣẹ́ ìjọba láti Ọjọ́ Ajé dé Ọjọ́ Ẹtì, ibi kan ṣoṣo tí ara mi ti ń balẹ̀ láyé yìí ni ìdí ìlù yẹn. Bí àlejò bá jókòó síbẹ̀ lọ́jọ́ Ìkórè tó sì lù ú dáadáa, ta ló ní wọ́n á dá àyè yẹn padà fún mi? Ẹ̀rù bà mí. Mi ò ní fi pamọ́ fún ọ, ẹ̀rù bà mí gan-an ni.

Bí mo ṣe di ẹni tí ìdí rẹ̀ ò gba ìjókòó mọ́ nìyẹn. Mo fi báírò méjì lu tábìlì ọ́fíìsì títí ọ̀gá mi fi bi mí bóyá mo fẹ́ gba ààyè lọ rí dókítà. Mo rìn kiri ìlú. Mo dé Ekosodin, ibẹ̀ ni wọ́n ti fi ìlù kan hàn mí tó kéré ju èyí tí mo fẹ́ fi sílẹ̀ lọ. Adéṣọlá ọkọ mi náà wá kó sí i. O mọ àwọn òṣìṣẹ́ báǹkì, wọn ò lè ra gààrí láìkọ́kọ́ kàwé nípa rẹ̀. Ojoojúmọ́ tó bá ti GRA dé, á ní òun ti kà á lórí fóònù: igi báyìí ń dún gbọ̀ngàn, igi báyìí ń dún gbẹrẹfu, ẹsẹ̀ ọ̀pá gbọ́dọ̀ jẹ́ oníméjì-méjì kó má baà yẹ̀. Ó ní, "Fúnkẹ́, ìlù mẹ́rin tó dára sàn ju márùn-ún gbà-jẹ́-n-sinmi lọ." Òótọ́ ló sì sọ, ohun tó jẹ́ kó dùn mí nìyẹn.

Ọ̀dọ̀ Ọ̀gbẹ́ni Osagie, ọmọ Ẹdó kan tó ń ta ohun èlò orin tòkunbọ̀ lẹ́bàá Ring Road, ni mo ti wá rí méjì tó wọ̀ mí lójú. Ọ̀kan pupa, ó ń dán yanran, igi rẹ̀ dára, ìlù mẹ́rin: béèsì, síná tó máa ń ké ṣàà, ìlù kékeré kan lókè, ńlá kan nílẹ̀. Èkejì ní àwọ̀ kọfí, ara rẹ̀ ti ha, ṣùgbọ́n márùn-ún ni tirẹ̀, nítorí ìlù méjì ló wà lókè bí i ti ìlù mi àtijọ́, kékeré kan àti àárín kan. Osagie na ìka sí pupa, ó ní, "Madam, na dis one be your mate." Mo fi ẹsẹ̀ tẹ béèsì rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré, ó dún wọ̀ mí láyà, kò sì kúrò lójú kan. Ó parí! Mo mú pupa. Èmi tí mo máa ń sọ fún ọmọ pé ìwà lẹwà.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ọ̀sẹ̀ tó kọjá la gbé e délé. Ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í wá kímbálì. Mo tú gbogbo páálí, mo gbọn ọ̀rá, kò sí. Mo pe Osagie pẹ̀lú ìbínú. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ìlù akẹ́kọ̀ọ́ nìkan ló ń gbé kímbálì mọ́ra wá, ẹni tó bá ti kúrò nípò akẹ́kọ̀ọ́, fúnra rẹ̀ ló ń yan tirẹ̀. Ẹ gbà mí! Mo gbé kímbálì àtijọ́ sórí ìlù tuntun, ó dà bí ẹni wọ léèsì tó fi sílípáàsì balùwẹ̀ tẹ̀lé e.

Ó wá di Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ ìdánrawò. O rántí ohun tí mo máa ń ṣe tí Màmá Títíloyè, ìyá ìjọ wa, bá ń wọlé bọ̀. Bí ọ̀pá rẹ̀ bá ti kan ilẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà báyìí, màá fi ìlù sọ pé "Màmá wa dé." Ìlù ilẹ̀ ló ń sọ "Mà", kékeré ló ń sọ "má", àárín ló ń sọ "wa", kékeré á tún sọ "dé". Ẹ̀yin akọrin á dáhùn pé "Ẹ káàbọ̀ o!" Màmá á sì ju ọwọ́ sókè bí ọmọge, tòun ti ọgọ́rin ọdún ó lé ọ̀kan.

Gbogbo èèyàn ti wá fọwọ́ kan ìlù pupa tán lọ́jọ́ náà. Olúwaṣẹ́gun ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ọ̀pá Màmá kan ilẹ̀. Ọwọ́ mi lọ fúnra rẹ̀: ilẹ̀, kékeré, ó wá àárín, àárín ò sí! Afẹ́fẹ́ ni mo gbá, ọwọ́ mi já bọ́ sórí ti ilẹ̀, kó tó padà sórí kékeré. Kò sẹ́ni tó dáhùn. Wọ́n ń wojú ara wọn. Mo rò pé wọn ò gbọ́ ni, mo bá tún un lù, kíkankíkan ju ti àkọ́kọ́ lọ, mo sì mọ̀ọ́mọ̀ fi ìlù ilẹ̀ dí àyè àárín.

Ìyìnolúwa wà lórí àga lẹ́yìn, fóònù lọ́wọ́. Ìyìnolúwa tèmi yìí, tí mo bá sọ Yorùbá sí i láti àárọ̀ dalẹ́, Òyìnbó tàbí Pijin ni yóò fi dá mi lóhùn. Ó bú sẹ́rìn-ín, ó pariwo pé, "Màlúù dé! Mummy, you dey call Grandma màlúù!"

Yéè! Gbéminíyì, kọ ọ́ lẹ́nu ara rẹ wò. "Màmá wa dé." Ó yá, fa "wa" yẹn wálẹ̀. Ṣé o ti gbọ́ ọ báyìí? Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo pè é o, lójú gbogbo ìjọ. O sì mọ bí Màmá ṣe sanra tó. Àǹkárá tó sì wọ̀ lọ́jọ́ náà, funfun ni, ó ní àmì dúdú bàǹtàbàǹtà káàkiri ara. Mi ò ní sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Àwọn akọrin ń fi ìwé orin bojú. Màmá dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó wò wá lọ wò wá bọ̀, ó ní, "Ọmọ tí ẹ ní kò gbọ́ Yorùbá ló gbọ́ ọ. Ìlù yín ni kò gbọ́." Ó wá lọ jókòó. Olúwaṣẹ́gun ò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. Ó ní bí a bá pe Màmá ní ẹran, kí la máa wá pe Bíṣọ́ọ̀bù? Ó ní òun fún mi di Ọjọ́rú, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, òun á sọ fún onílù tó wà níta pé kó máa bọ̀.

N kò jẹun dáadáa lọ́jọ́ Ìsinmi. Mo gbìyànjú kí síná ṣe ohùn àárín, ó ń ké bí ìgbà tí èèyàn da gààrí sórí páànù. Adéṣọlá ní kí n kúkú máa wá ọ̀rọ̀ tí kò ní ohùn àárín nínú. Mo bi í pé, Ṣé kí n yí orúkọ ìyá ìjọ padà nítorí ìlù ni? Òun náà rẹ́rìn-ín, ó ní nínú gbogbo ohun tí òun kà, kò sí ibi tí wọ́n ti kọ ọ́ pé ìlù gbọ́dọ̀ gbọ́ Yorùbá.

Ní Ọjọ́ Ajé, mo kúrò ní ibi iṣẹ́, mo mú Ìyìnolúwa dání, a gbé ìlù padà lọ bá Osagie. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí wọ́n ti ta aláwọ̀ kọfí, àdúrà tí mò ń gbà nínú ọkọ̀ nìyẹn. Wọn ò tíì tà á. Nígbà tí mo rojọ́ tán, Osagie rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní èdè tàwọn náà ń gòkè, ó ń sọ̀, ó yé òun. Ó ní òun lè bá mi wá ìlù àárín tó bá pupa mu, ṣùgbọ́n ó di ẹ̀yìn Kérésìmesì. Mo ní kí Ìyìnolúwa kọjú sí ògiri kó máa sọ ohun tó bá gbọ́. Orúkọ tó wá sí mi lọ́wọ́ ni tìrẹ, Gbéminíyì. Mo fi pupa lù ú, ó ní, "I no hear am." Mo tún un lù, ó mi orí. Mo bọ́ sídìí aláwọ̀ kọfí, mo lù ú lẹ́ẹ̀kan. Ọmọ náà yí padà kíá, ó ní, "Aunty Gbéminíyì! Na her you dey call!"

Omi bọ́ lójú èmi náà. Mi ò ní parọ́ fún ọ, igi pupa yẹn dùn létí ju èyí lọ, ó ṣì ń dùn mí. Ṣùgbọ́n mo gbé aláwọ̀ kọfí. Pupa ló wọ́n jù, ìyàtọ̀ rẹ̀ ni Osagie fi fún mi ní kímbálì gidi kan. Béèsì rẹ̀ náà ò sì rìn. Mo ti ju òkúta nù.

Ọjọ́rú pé. Màmá kì í wá sí ìdánrawò Ọjọ́rú, ó wá. Ó mọ̀ọ́mọ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó fi ọ̀pá kan ilẹ̀, ó ń wò mí. Mo lù ú. Gbogbo akọrin dáhùn pé "Ẹ káàbọ̀ o!" Màmá ò gbé ọwọ́. Ó yí padà, ó jáde, ó tún wọlé, ó ní, "Tún mi pè." Ẹ̀ẹ̀mẹta ló jáde tó wọlé kó tó ju ọwọ́ sókè. Níbẹ̀ ni Olúwaṣẹ́gun ti yọ fóònù tó sọ fún onílù ìta pé kó má wàhálà mọ́.

Nítorí náà, wá síbi Ìkórè. Mo bẹ̀ ọ́. Àyè rẹ ṣì ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, bí o bá sì ti ń wọlé ni màá pè ọ́, kí o yáa dáhùn. Ìdí mi ò tíì balẹ̀ o, ó ku ọjọ́ mẹ́jọ, mo sì ti dìde lẹ́ẹ̀mẹfà láti ìgbà tí mo ti bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà yìí. Bá mi kí Akíntúndé tó bá jẹun tán. Kí àwọn ọmọ. Bí wọ́n bá fẹ́ ìlù búlúù yẹn, mo ti ṣe tán láti fi ránṣẹ́, ṣùgbọ́n kí ìwọ àti àwọn aládùúgbò rẹ kọ́kọ́ fẹnu kò. Adéṣọlá ní kí n kí yín, Màmá náà ní

Dúró ná. Ẹnì kan ń lu ìlù aláwọ̀ kọfí tí mo gbé wálé, ní pálọ̀. Adéṣọlá ò sí nílé. Ìyìnolúwa ni, tí kò jókòó sídìí ìlù láti ọdún mẹ́ta. Àárín, àárín, kékeré, àárín, kékeré. Ó tún un lù. Mo gbé kálàmù dúró, mo tẹ́tí. Gbéminíyì, ó ní, "Ebi ń pa mí."

Kò ju ìgbésẹ̀ mẹ́wàá lọ láti ibẹ̀ dé ọ̀dọ̀ mi. Ì bá wá sọ ọ́ ní Pijin, bó ṣe máa ń sọ ọ́. Mi ò mọ̀ bóyá kí n sunkún tàbí kí n rẹ́rìn-ín. Jẹ́ kí n lọ gbé ìrẹsì kaná fún un, ọmọ mi fi Yorùbá tọrọ oúnjẹ.

                                        Èmi ni, tìrẹ tí ìdí rẹ̀ kì í gba ìjókòó,
                                        Ọláfúnkẹ́.