Olútáyọ̀ Abọ́dúnrìn, Akẹ́kọ̀ọ́ Gbogbo Ayé

Táyọ̀, ọdún mẹ́rin pé lónìí, láti ọjọ́ kejìlá oṣù kẹwàá ọdún 1952, tí ibà ọjọ́ mẹ́ta mú ọ lọ n'Ìbàdàn. Ọdún mẹ́rin! Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún péré! Ọ̀rọ̀ rẹ ṣì ń dùn wá bíi pé àná ni.

Bàbá rẹ ti parí ilé tí ẹ jọ fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀. Páànù ti wà lórí rẹ̀, ó sì ń dán tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn tó ń ti Kuta bọ̀ fi máa ń rí i lókèèrè. Sunday àbúrò rẹ tí o fi sílẹ̀ ní ọmọ kékeré ti ń bẹ̀rẹ̀ kó tó lè wọlé, bàtà rẹ ló ń wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Lydia àbúrò rẹ ti di tíṣà ní ilé ìwé mísọ̀n. Ṣebí ìwọ lo máa ń fi ohùn rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ pé ó kéré? Wá gbọ́ bó ṣe ń jágbe mọ́ ọmọ ọlọ́mọ báyìí! Àmọ́ nínú ilé, Lydia kì í pariwo mọ́, ìwọ náà sì mọ ìdí rẹ̀.

Ẹ̀kọ́ tí o kọ́ ló fa gbogbo rẹ̀. Ìtàn ni wọ́n tìtorí rẹ̀ gbà ọ́ sí ilé ẹ̀kọ́ gíga. Ìwọ ní ìtàn nìkan ò tó, o lọ mú ẹ̀kọ́ nípa àgbáyé mọ́ ọn: díẹ̀ nínú ìmọ̀ ilẹ̀, díẹ̀ nínú òwò, díẹ̀ nínú ìjọba àti ẹ̀sìn, kí o lè mọ bí gbogbo ènìyàn ṣe ń gbé láyé. Nígbà tí bàbá rẹ béèrè èwo gan-an lò ń kọ́, o ní ìtàn ni ìyáálé, ẹ̀kọ́ àgbáyé ni ìyàwó, ọ̀dọ̀ ìyàwó sì ni ọkàn rẹ wà. O sọ bẹ́ẹ̀ fún díákónì! Wọn ò rẹ́rìn-ín rárá. Àwa tó wà lẹ́yìn wọn la fi aṣọ bo ẹnu.

Torí ẹ̀kọ́ yẹn lo ṣe kọ lẹ́tà sí àwọn tí o ò rí rí, ọ̀kan ní Kùmásì, ọ̀kan ní Bàhíà ní ilẹ̀ Bùràsíìlì, ò ń bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n ń jẹ lówùúrọ̀ àti bí wọ́n ṣe ń gbàlejò. Àdírẹ́sì ilé wa n'Ìwó lo kọ sí i. Kí èsì tó dé, a ti sin ọ́.

Lydia fẹ́ kọ̀wé sí wọn pé o ti kú. Ìyá rẹ ní kò gbọdọ̀. Wọ́n ní ẹni tó bá kú láìpọ́jọ́ kì í lọ tààrà. Á lọ jókòó sí ìlú tí ẹnikẹ́ni ò ti mọ̀ pé ó ti kú, á máa ṣiṣẹ́, á máa jẹun, títí ọjọ́ rẹ̀ yóò fi pé. Àkúdàáyà nìyẹn. Ọjọ́ tí wọ́n bá gbọ́ òótọ́ níbẹ̀ ló máa pòórá. Wọ́n ní ọmọ tó mọ orúkọ ìlú gbogbo ayé bí ẹní mowó, ìlú wo ni kò lè wà? Bàbá rẹ ní ọ̀rọ̀ kèfèrí ni. Lydia náà rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nítorí ẹkún ìyá rẹ, kò kọ ọ́.

Ní oṣù kẹfà ọdún tó kọjá, lẹ́tà mìíràn dé láti Kùmásì. Akósúà tí o kọ̀wé sí níbẹ̀ ló kọ ọ́, opó tó mọ̀wé, tó ń fi yàrá háyà. Ó ní o gbàgbé agbòjò rẹ sílé òun. Ó ní láti oṣù kẹta tí o ti gba yàrá ẹ̀yìn lọ́wọ́ òun ni ara ti tu òun, ò ń kọ́ àwọn ọmọ àdúgbò bí wọ́n ṣe ń ka máàpù, àfi pé o máa ń ki búrẹ́dì bọ omi tútù kí o tó jẹ ẹ́, ìyẹn sì ń pa òun lẹ́rìn-ín. O ní ò ń lọ sí etíkun fún ọ̀sẹ̀ kan, o ò tíì dé. Àbí Ìwó lo yà sí?

Lẹ́tà bọ́ lọ́wọ́ Lydia. Táyọ̀, ta ló tún ń ki búrẹ́dì bọ omi tútù? Ìyá rẹ bá ọ jà títí lórí rẹ̀! A rí ọ nínú pósí. Lydia fọwọ́ kan iwájú orí rẹ, ó tutù. Àwa la bu yẹ̀pẹ̀ lé ọ, lẹ́yìnkùlé níbí. Lydia lọ wo sàréè náà lọ́sàn-án gangan, sìmẹ́ǹtì rẹ̀ ò sán. Ṣùgbọ́n Sunday ní àwọn adìẹ tó máa ń jókòó lé e kò dé ibẹ̀ mọ́ láti oṣù kẹta.

Ìyá rẹ jó! Wọn ò ní àwọn ń lọ wò ọ́ o, torí ará ilé ò gbọdọ̀ fojú kàn ọ́, kí o má baà pòórá. Ọ̀dọ̀ Ṣàfíù aládùúgbò wa tó ń ná ọjà Kùmásì ni wọ́n sáré lọ. Wọ́n kúnlẹ̀ fún ọmọ tí wọ́n bí lójú wọn, wọ́n bẹ̀ ẹ́ kó má gba àdúgbò Akósúà kọjá láéláé. Áà, ìyá! Wọ́n gbà kí wọ́n má rí ọ mọ́, bí o bá ṣáà ti wà.

Bàbá rẹ ní gbájúẹ̀ kan ló ń fi orúkọ ọmọ òun jẹun. Wọ́n ní kí Lydia kọ òótọ́, kó sì kọ ọjọ́ ìsìnkú sí i. Ìyá rẹ di ọwọ́ rẹ̀ mú, wọ́n ní bó bá kọ ọ́, òun ló pa ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Lydia kọ ọ́. Ó ní òun ò lè máa na ọmọ ọlọ́mọ torí irọ́ kí òun sì máa gbé irọ́ pamọ́ nílé. Ó fi lẹ́tà náà ránṣẹ́ nígbà tó ń lọ sí ilé ìwé.

Lẹ́yìn oṣù méjì, èsì dé. Akósúà ní o ti ti etíkun dé, ò ń jẹun lójúde nígbà tí lẹ́tà Lydia wọlé. Ìròyìn ilé ni ó pè é, ló bá ń kà á sókè fún ọ. Bó ṣe dé ibi ọjọ́ ìsìnkú, o béèrè ẹni tó kọ ọ́. Ó ní Lydia ni. O ní, "Àbúrò mi ni." O dìde, o wọ yàrá. Yàrá náà ò ní ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, fèrèsé rẹ̀ ò gba orí ọmọdé. Nígbà tó tẹ̀ lé ọ wọlé, kò bá ẹnikẹ́ni. Búrẹ́dì tí o kì bọ omi ò tíì rọ̀.

Lydia ò lè gbé gègé fún odindi oṣù kan. Ì bá sàn ká ní o bú u! "Àbúrò mi ni" yẹn ló ń pa á. Ìyá rẹ ò bá a sọ̀rọ̀ títí Kérésìmesì fi kọjá. Bàbá rẹ ò pe ohunkóhun ní ọ̀rọ̀ kèfèrí mọ́. Wọ́n máa ń dá dúró níwájú máàpù rẹ lára ògiri, wọ́n á máa fi ìka tọ ojú òkun. Àwọn adìẹ padà sórí sàréè. Lydia ń lé wọn, wọ́n ń padà, ó ń sunkún. Nígbà tó di oṣù kẹjọ ọdún yìí, àwọn adìẹ náà ṣàdédé kúrò níbẹ̀.

Táyọ̀, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé tí lẹ́tà dé láti Bàhíà. Ìyá arúgbó tí o kọ̀wé sí ló bẹ ẹnìkan kó bá òun kọ ọ́. Ó ní ọ̀dọ́mọkùnrin kan sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi, ó ní òun ni Olútáyọ̀ ará Ìwó tó kọ̀wé lọ́jọ́sí. Kó tó gbà á sílé pátápátá, ó ń bi wá: ṣé a mọ̀ ọ́n? Ṣé òun ni lóòótọ́?

Ẹnikẹ́ni ò sọ ohun tí Lydia máa kọ fún un. Ó jókòó, ó kọ ọ́ pé: "Òun ni. Ẹ̀gbọ́n mi ni. Ara rẹ̀ le nígbà tó kúrò nílé. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa tọ́jú rẹ̀." Ìyá rẹ tẹ̀ka sí i. Bàbá rẹ, tí kò purọ́ rí láti ìgbà tí wọ́n ti ṣèrìbọmi, gba gègé, wọ́n kọ orúkọ wọn sábẹ́ rẹ̀, wọ́n sì gbé e lọ sí pósítọ́fíìsì fúnra wọn.

Nítorí náà, Táyọ̀, a ò gbé ìrántí ọdún yìí fún oníwèé ìròyìn. A ò pe ìjọ, a ò pe ẹbí. Inú yàrá rẹ la ti ń kà á, ilẹ̀kùn wà ní títì, ohùn wa wà nílẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá béèrè rẹ, a ó ní o rìnrìn àjò. A fẹ́ràn rẹ! Àárò rẹ ń sọ wá lójoojúmọ́! Máa jẹun dáadáa. Má wá sílé.