Bíréèkì Ìjàpá Mi

Ìlọfà, Sátidé, oṣù Kẹfà, 1978

Ọ̀rọ̀ òní rí mi lára débi pé n kò lè jẹun.

Mo wa ọkọ̀ ìjàpá mi lọ bá oníṣòwò ọkọ̀ kan ní Ìlọrin, kí ó gbà á, kí n fi owó lé e gba tuntun. Ó pòṣé: "Tíṣà, àlòkù páànù lẹ gbé wá yìí." Ó bú ilẹ̀kùn, ó bú táyà. Kò dé ìdí bíréèkì, èmi náà kò sì sọ pé kì í tètè mú.

A ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ọ̀rọ̀ owó ni ó ń pe ìjàpá kan náà ní ojúlówó fún bàbá àgbẹ̀ kan láti apá ọ̀dọ̀ wa. Ẹnu kan náà! Ó ṣe mí bí ẹni pé kí n tutọ́.

Bàbá yíjú sí mi: "Tíṣà, ẹ̀yin lẹ ń wà á. Ṣé ó dára?"

"Ó dára, bàbá."

Ó ṣí fìlà, ó gbàdúrà pé kí Olúwa máa ṣọ́ mi lójú ọ̀nà. Mo ṣe àmín.