Àtàǹpàkò Yín Lára Igi Kajú Kékeré

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Mi ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan nǹkan tó wà níwájú mi yìí, ìdí nìyẹn tí mo fi mú bíìkì láti kọ̀wé sí yín. Igi kajú kékeré tí ẹ fi wáyà ṣe ló wà lórí tábìlì. Fáníìṣì tí mo fi pa á lára kò tíì gbẹ, bẹ́ẹ̀ awakọ̀ bọ́ọ̀sì Kútọnù ti ní òun máa kọjá kí oòrùn tó wọ̀. Bí mo bá jókòó lásán, ọwọ́ mi á lọ bá a, mo mọ ara mi. Ẹ jẹ́ kí n máa bá yín sọ̀rọ̀ kí ọwọ́ náà lè rí iṣẹ́ ṣe.

Ṣé ẹ rántí iṣẹ́ tí Bùràímọ̀, ọmọ ìyá Sàfú òdìkejì ilé wa, gbé fún mi? Òun ló lọ kàwé ní Kútọnù tó sì bá eré tábìlì padà wálé, èyí tí àwọn àgbàlagbà máa ń to ọmọ ogun tí kò ga ju ìka lọ sí, tí wọ́n á to òkè, tí wọ́n á to igbó, tí wọ́n á sì máa bá ara wọn jagun láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Ó ní kí n bá òun ṣe igbó náà. Ẹ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú yín. Ẹ ní ẹni tó bá ń wá igbó kó gba ọ̀nà Kábúà, kó gbé àdá dání, kó wá bá wa ro oko.

Síbẹ̀ ẹ kò jẹ́ kí n sinmi. Bí mo bá ti jókòó ti wáyà, ẹ̀yin náà á fa àpótí ìjókòó yín sún mọ́ mi, ẹ á máa wo ọwọ́ mi, ẹ á máa pòṣé. Ẹ ní ọwọ́ mi le jù fún wáyà. Ẹni tó fi gbogbo ayé rẹ̀ lọ́ wáyà tàkúté àti wáyà àgò adìyẹ, báwo ló ṣe máa fara da irú èyí tí mò ń lọ́? Nígbà tó yá, ẹ gbà á lọ́wọ́ mi.

Igi ìlú òyìnbó tí orí rẹ̀ rí ṣóńṣó ni Bùràímọ̀ fi àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́. Ẹ̀yin kò tilẹ̀ bojú wo àwòrán. Igi kajú lẹ ṣe, irú èyí tó wà lóko wa, tó tẹ̀ sílẹ̀, tó na apá káàkiri, tí ẹ̀ka rẹ̀ kan fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀. Ẹ po erùpẹ̀ mọ́ oje kajú, ẹ fi mọ ìdí rẹ̀, ẹ sì fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ mọ́ wáyà kó lè dúró. Àtàǹpàkò náà ṣì wà níbẹ̀, Bàbá. Kòtò kékeré kan ni, ìlà ọwọ́ yín hàn nínú rẹ̀ kedere, àpá ibi tí àdá ti gé yín náà sì dá a kọjá láàárín. Ẹ kò mọ̀ pé ẹ ń fi nǹkan sílẹ̀ fún wa. Àbí ẹ mọ̀?

Ọyẹ́ kò tíì lọ tán tí ẹ̀yin fi lọ.

Ẹ má bínú sí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, àmọ́ oje kajú yín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí. Kí ni ẹ kò fi í lẹ̀ láyé yín? Bàtà, ẹsẹ̀ àga, ẹ̀yìn ìwé tó ti ya. Èmi náà gbà á gbọ́ bí mo ṣe gbà yín gbọ́. Mo gé fóòmù ibùsùn wẹ́wẹ́, mo pa á láró kó dà bí ewé, mo fi oje lẹ̀ ẹ́ mọ́ gbogbo igi tí mo ṣe àti tiyín pẹ̀lú. A sá wọn sórí àpáta ẹ̀yìn ilé lẹ́gbẹ̀ẹ́ èlùbọ́ Màmá, wọ́n sì le bí òkúta. Inú mi dùn. Bùràímọ̀ wá mú ọ̀kan lọ sí Kútọnù, níbi tí afẹ́fẹ́ òkun kì í jẹ́ kí aṣọ gbẹ dáadáa, tí àwọn tó ń ṣeré sì ń làágùn lọ́wọ́ bí ogun bá gbóná. Ewé lẹ̀ mọ́ ìka wọn, ó kúrò lára igi. Bùràímọ̀ fi ohùn ránṣẹ́ sí mi lórí fóònù pé sólídì ni òun ń fẹ́, ohun tó le dáadáa, sólídì, ó tún un sọ títí etí mi fi kún. Igi tí apá aṣọ kàn gbá tó sì ṣubú, tí wọ́n ń kó sínú àpò tí wọ́n sì ń kó jáde, bí kò bá lè fara dà á, kò wúlò fún òun. Kò pẹ́ sígbà náà ni òjò àkọ́rọ̀ rọ̀ níbí, tí mo fojú ara mi rí i. Àwọn igi mi sorí kọ́ bí ẹni tó jẹun yó tó ń tòògbé.

Mo bú yín lọ́jọ́ náà. Mo sunkún pẹ̀lú.

Mo fi omi lọ́wọ́ọ́wọ́ fọ gbogbo tèmi títí ó fi ku wáyà lásán. Mo mú kólù funfun tí àwọn káfíńtà ń lò, mo fi lẹ ewé tuntun. Nígbà tó gbẹ, mo po kólù mìíràn mọ́ omi, mo fọ́n ọn sí gbogbo ara igi kó lè mu ún dénú, mo sá a, mo tún fọ́n ọn. Mo ti ẹsẹ̀ wáyà gba inú pákó kékeré tí igi máa dúró lé kọjá, mo sì lọ́ ọ pọ̀ nísàlẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má bàa fà á tu. Fáníìṣì ló kẹ́yìn. Lẹ́yìn náà ni mo ṣe ohun tí ẹ máa ń ṣe. Ẹ kò gbé iṣẹ́ fún ẹni tó ni ín rí láìjẹ́ pé ẹ gbé e sókè àyà, kí ẹ jù ú sílẹ̀ lójú rẹ̀. Àwọn èèyàn á pariwo, ẹ̀yin á sì ní ohun tí kò bá lè ṣubú kò tíì parí. Mo ju àwọn igi mi sílẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì níkọ̀ọ̀kan. Kò sí èyí tó ṣẹ́.

Tiyín nìkan ló kù, òun sì ni Bùràímọ̀ fẹ́ jù láti ìgbà tó ti rí i. Àárín tábìlì ló máa wà, gbogbo igbó yòókù ni wọ́n máa tò yí i ká. Àwọn tó máa bá a ṣeré ń bọ̀ láti Lomé àti Parakou. Ṣùgbọ́n ohun tó mú àwọn yòókù le, omi wà nínú rẹ̀, bí omi bá sì kan ìdí igi yín, oje á yọ́, àtàǹpàkò yín á yọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ mi. Mo gbìyànjú láti ṣe òmíràn dípò rẹ̀. Wáyà kan náà ni, ìwọ̀n kan náà. Ó dà bí igi kajú tí wọ́n ròyìn fún ẹni tí kò dé oko rí.

Ohun mìíràn tún wà. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo fẹ́ jáde nínú yàrá, mo rí Màmá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun tán. Ó yí igi náà, ó ki àtàǹpàkò tirẹ̀ bọ inú tiyín, ó sì dúró bẹ́ẹ̀. Mo padà sẹ́yìn, mo wúkọ́ kí n tó jáde. Láti ọjọ́ náà, ẹnu mi kò gbà á láti bi í bóyá kí igi yìí lọ tàbí kó dúró. Báwo ni mo ṣe fẹ́ gbé e kúrò níwájú rẹ̀? Báwo ni mo sì ṣe fẹ́ fi iṣẹ́ tí ẹ ṣe fún mi pa mọ́, kí n wá fi ayédèrú ránṣẹ́? Mo ń bi yín.

Ẹ̀yin kọ́ lẹ dá mi lóhùn, oje yín ni. Mo rántí ìgbà kan ní kékeré tí mo fi epo àtùpà fọ oje kúrò lọ́wọ́, tí oje náà kò gbọ́, tó kàn ń dán, tí ẹ fi mí ṣẹ̀sín títí. Omi nìkan ló ń bẹ̀rù. Fáníìṣì kò sì bá omi tan, epo ló ń bá rìn. Mo kọ́kọ́ dán an wò lára ẹ̀kán oje kan, kò yọ́. Bí mo ṣe mọ̀ bẹ́ẹ̀ tó, mi ò lè bẹ̀rẹ̀. Bó bá pọ̀ jù, á dí ìlà ọwọ́ yín pa. Ní ọ̀sán òní ni Màmá fúnra rẹ̀ gbé igi náà wá síwájú mi, ó bi mí pé kí ni mo tún ń dúró dè. Ó ní ẹ kò fi iṣẹ́ tó parí ṣe ọ̀ṣọ́ ilé rí, pé adìyẹ tiwa gan-an, inú àgò tó ti já ló ń sùn. Kò wo ojú mi bó ṣe ń sọ ọ́.

Mo fi abẹ́rẹ́ ṣa ewé àtijọ́ kúrò ní gbígbẹ, mo fi fáníìṣì lẹ tuntun. Mo fi kólù àwọn aránbàtà lẹ ìdí rẹ̀ mọ́ pákó. Ìyẹ́ adìyẹ ni mo fi pa àtàǹpàkò yín, fẹ́ẹ́rẹ́, mi ò mí.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fọwọ́ kan ìsàlẹ̀ rẹ̀. Kò lẹ̀ mọ́ ìka mọ́. Ó ti gbẹ, Bàbá, ó ku kí n jù ú sílẹ̀. Oje tó gbẹ máa ń fọ́ bí ìgò, ẹ̀yin náà mọ̀. Bí mi ò bá jù ú, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Àmọ́ ẹ̀yin ńkọ́?

Mo ti padà sídìí tábìlì. Mo gbé e sókè àyà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ọwọ́ mi kọ̀, kò ṣí. Màmá jáde wá. Ó gbà á lọ́wọ́ mi, ó gbé e sókè àyà bí ẹ ṣe máa ń gbé e gan-an, ó sì tú ọwọ́ rẹ̀. Igi náà fẹ̀gbẹ́ lulẹ̀, ó yí wọ abẹ́ àga. Mo rákò wọ abẹ́ rẹ̀ lọ mú un. Ẹ̀ka tó wà nísàlẹ̀ ti tẹ̀, mo fi ìka méjì tò ó padà. Ewé díẹ̀ já. Mo yí i wo ìdí rẹ̀. Àtàǹpàkò yín wà níbẹ̀, ìlà rẹ̀ pé, àpá àdá pé. Nígbà tí mo gbójú sókè láti sọ fún Màmá, ó ti jókòó sórí sìmẹ́ńtì, ó ń sunkún.

Mo ń gbọ́ fèrè bọ́ọ̀sì ní títì. Ó ku ohun kan tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀. Bùràímọ̀ ti kìlọ̀ fún gbogbo àwọn tó ń bá a ṣeré pé kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ di ewé mú, ìdí igi ni kí wọ́n ti máa gbé e. Mo gbé tiyín bẹ́ẹ̀ kí n tó fi aṣọ dì í. Kò sí ibòmíràn tí àtàǹpàkò lè gbà sí, inú tiyín ló bọ́ sí. Àwọn ará Lomé tí kò mọ̀ yín rí, wọ́n á fi ọwọ́ wọn síbi tí ọwọ́ yín wà, kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ ogun wọn.

Mo nífẹ̀ẹ́ yín gan-an. Ẹ sùn dáadáa.

Èmi ni,
ọmọ yín tí ẹ ní ọwọ́ rẹ̀ le jù fún wáyà.